Ẹ̀yìn Ọrun Akíngbadé

Ẹ ṣeun tí ẹ bù mí lómi mu, ẹ ṣeun tí ẹ tẹ́ ẹní fún mi lábẹ́ igi yìí. Baálẹ̀ yín ní kí n sọ ọ̀kan nínú ohun tí ojú mi ti rí nínú igbó kí oòrùn tó rọ̀, kò sì yẹ kí àlejò jẹ iyán tán kó wá máa wo onílé níran. Èmi ni Ọdẹ́yalé, ọmọ Àjàdí tó ń gbẹ́ ọrun, ọmọ bíbí Òkè-Àfọ̀n. Mo ti fi ọrun pa ẹkùn mẹ́ta. Ìmàdò tí mo pa, n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Mo ti wo ẹfọ̀n lójú rí, òun ló sì kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Títí di òní, ìbọn kò tí ì wọ́pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọdẹ, ọrun ni yóò gbé, ẹni tó bá sì fẹ́ ọrun gidi, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wá. N kò fọ́nnu. Àgbà tó mọ iṣẹ́ tó ní òun kò mọ̀ ọ́n, irọ́ ló ń pa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ẹ rọra o. Ìtàn yìí kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ kì í ṣe pé n kò mọ iṣẹ́. Ó burú ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ẹ̀yin tí ẹ kò fọwọ́ kan ọrun rí ní nǹkan kan kí n tó máa lọ. Ọrun ní ikùn, ó ní ẹ̀yìn. Ikùn ni ó kọjú sí ọdẹ tó ń fà á, ẹ̀yìn ni ó kọjú sí ẹran. Bí a bá fa ọsán, ikùn á fún pọ̀, ẹ̀yìn á nà. Ẹ̀yìn ló ń jẹ ìyà ọ̀hún jù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọrun bá máa dá, ẹ̀yìn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni àwa tí a mọ iṣẹ́ fi máa ń lẹ nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn kí ó lè bá a gbé ìnira yẹn: àwọn kan a lo iṣan ẹran, àwọn kan a lo awọ tútù, àwọn mìíràn a la ọparun wẹ́wẹ́. Gbogbo wọn ló ní ọjọ́ tí wọ́n dára, gbogbo wọn ló ní ọjọ́ tí wọ́n ń dalẹ̀. Awọ ejò nìkan ni kò wúlò fún nǹkan kan ju ẹwà lọ. Bàbá mi a máa sọ pé ẹni tó ń yan ohun tí yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrun, ẹni tí yóò padà wálé ló ń yàn. Mo gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, mo máa ń mi orí bí ọmọ tó gbọ́n.

Akíngbadé ni ọ̀rẹ́ mi. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ wá nílà, nígbà tó sì máa fẹ́ Àwẹ̀ró tó ń mọ ìkòkò, èmi ni mo ṣe alárinà. Ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn ọdẹ fẹ́ lọ bá ẹfọ̀n ní ọ̀dàn, Akíngbadé sì ní kí n gbẹ́ ọrun tuntun fún òun. Igi àtòrì ni mo lò. Ó tẹ̀ dáadáa, ó padà dáadáa, mo ti ń yin ara mi. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbéra, mo ń fi ewé ìpín dán an, ni mo bá rí ẹ̀là kan lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Kò ju fọ́nrán irun lọ. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n sọ igi yẹn sínú iná, kí n sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó yá ọrun ẹlòmíràn lò. Ṣùgbọ́n Akíngbadé ti ń fi mí yangàn káàkiri ìlú, ó ní ọrun tí Ọdẹ́yalé ń gbẹ́ fún òun kò ní ẹlẹgbẹ́. Awọ òjòlá kan sì wà lórí àjà mi. Mo fi awọ yẹn bo ẹ̀yìn ọrun látòkè délẹ̀, ẹ̀là sì wọ abẹ́ rẹ̀. Ọrun náà wá rẹwà débi pé àwọn obìnrin ń jáde láti wò ó. Akíngbadé dì mọ́ mi. Mo ní kí ó lọ ire, kí ó bọ̀ ire.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé e wálé lórí imọ̀ ọ̀pẹ. Àwọn tó bá a lọ sọ pé ẹfọ̀n jáde síwájú rẹ̀ gbangba, ó fa ọrun, ọrun dá sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹfọ̀n kò sì fún un láyè kejì. Ọsán já, ọrun dọ̀pá, àwa ọdẹ máa ń pa á lówe. Ti Akíngbadé, ọsán kò já rárá, igi ló ṣẹ́. N kò lè sọ bó ti rí lára mi fún yín. Mo dúró níbi òkú rẹ̀, mo ń sunkún, gbogbo ènìyàn sì ń kí mi kú àjálù. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ bí ohun ìjà ọdẹ bá já a kulẹ̀ níwájú ẹran. Ẹ má díbọ́n fún mi. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n á ní ó ti bá ọkùnrin mìíràn sùn nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà nínú igbó, ìyẹn ni oògùn fi bàjẹ́, tí ọrun fi dá. Erùpẹ̀ ojú oórì Akíngbadé kò tí ì gbẹ tí wọ́n fi dáwọ́ ríra ìkòkò Àwẹ̀ró dúró. Ẹni tó ti gbé ìkòkò tirẹ̀ lọ sílé tẹ́lẹ̀ gbé e padà wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò kí i, ó yí ẹ̀yìn padà. Àwẹ̀ró ń sọ pé òun kò ṣe é. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà náà, mo sì wà lọ́jà.

Baba Láṣebìkan ni Olúọdẹ wa nígbà náà. Ó dá ọjọ́ ìpà fún ọjọ́ kẹtàdínlógún tí a sin òkú. Nílùú tiwa, bí ọdẹ bá kú, a máa ń kó ohun ọdẹ rẹ̀ jọ, a ó gbé e lọ sínú igbó, kí ọkàn rẹ̀ lè fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀ kó sinmi. Bí ọrun rẹ̀ bá ti dá, a kì í déédéé gbé ẹrù náà lọ. Ẹni tó gbẹ́ ọrun àkọ́kọ́ ni yóò gbẹ́ òmíràn. Lọ́jọ́ ìpà, opó yóò fi ọwọ́ lé ibi ìdìmú rẹ̀, Olúọdẹ yóò fà á tán lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá dá, opó jẹ̀bi, wọn a fá orí rẹ̀, wọn a lé e jáde nílùú. Bí kò bá dá, ó mọ́. Ilé mẹ́wàá ló wà láàárín ilé mi àti ilé Baba Láṣebìkan. Mo jáde nílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn pé kí n lọ sọ fún un, ilé kẹta ni mo ń dé tí mo fi ń yà bíi pé mo fẹ́ lọ kí ẹnìkan. Mo wá ro ọgbọ́n kan. Mo ní bí mo bá rí ohun ẹ̀yìn ọrun tí kò lè já láéláé, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrun tuntun yìí, Àwẹ̀ró yóò bọ́, orúkọ tèmi náà yóò sì wà bó ṣe wà. Mo pè é ní ọgbọ́n. Ẹ̀rù ni. Igi àtòrì kan tó ti gbẹ wà lórí àjà bàbá mi, kò ní ẹ̀là, kò ní kókó. Mo fi odindi ọjọ́ kan gbẹ́ ẹ, mo gbé e kọ́ èjìká pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìhòòhò, mo mú ìkòkò oje awọ ẹran tí a fi ń lẹ nǹkan, mo sì forí lé Igbó Másùnbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta tí a sin ọ̀rẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n fo ti oúnjẹ tí mo jẹ àti ibi tí mo sùn. Ọdẹ tó bá ń ka iye ìgbà tó mu gààrí fún yín, kò rí nǹkan nínú igbó. Lọ́jọ́ kejì mo bá ọkùnrin kan lórí ìtì igi. Kò ní awọ, kò ní ẹran. Iṣan lásán ni láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n funfun, wọ́n lọ́ mọ́ra bí okùn. Ó ń fa iṣan yọ láti orúnkún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi eyín ya wọ́n sí wẹ́wẹ́. Ó bi mí pé kí ni ọdẹ tó gbé ọrun oníhòòhò ń wá, mo sì sọ fún un. Ó ní òun ni Oníṣan, ọ̀dọ̀ òun ni gbogbo iṣan tó wà lára ẹran ti wá, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan. “Ta ni alágbára tó ń fa igi tẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀, tí ìrì òwúrọ̀ ń tú ìgbànú rẹ̀ bí òjò bá dé?” Mo ní iṣan ni. Ó bi mí pé ìgbà wo la wà. Mo ní òjò àkọ́rọ̀ ni. “O mọ gbogbo rẹ̀ báyìí, o sì tún ń wò mí lójú bíi pé èmi ni yóò gbà ọ́?” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun ní iṣan kan ní ọrùn tí omi kò wọ̀ rí, kí n fún òun ní agbára àtàǹpàkò ọ̀tún mi, kí òun fi í fún mi. Kí n má purọ́, mo na ọwọ́. Mo fẹ́ fi ìka kàn án kí n mọ bó ti rí. Kíá ló pariwo pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ọjà òun ti di ara ọjà, iṣan náà sì wé mọ́ ọwọ́ mi, ó wé mọ́ àyà mi, ó ń fún mi débi pé mo gbọ́ bí egungun ìhà mi ṣe ń ké. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ló gbà mí níjọ́ náà. Mo fi ọwọ́ òsì já akèrègbè omi tó wà nídìí mi, mo da gbogbo omi inú rẹ̀ lé e lórí. Iṣan tó ń fún mi dẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ ní òkìtì kan bí ìfun ẹran, mo sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí mo ti ń sáré lọ, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi tó ń rẹ́rìn-ín pé omi tí mo ní lọ́wọ́ ti tán.

Òùngbẹ ló gbé mi dé etí odò kan lọ́jọ́ kẹrin. Awọ ejò pọ̀ lórí àwọn ẹ̀ka igi ibẹ̀ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ sá: alámì tótòtó, aláwọ̀ ewé, èyí tó dúdú tó ń dán. Obìnrin kan jókòó lórí àpáta, ó ń fi omi fọ ọ̀kan. Láti ìbàdí rẹ̀ sókè, ènìyàn ni. N kò wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. “Ọdẹ́yalé, o tún dé,” ló fi kí mi. Mo ní ìyá, n kò dé ibí rí. Ó ní ẹsẹ̀ mi ni kò dé ibẹ̀, ọwọ́ mi ti dé ara àwọn ẹbí òun, awọ ẹ̀gbọ́n òun ni mo fi bo ọrun ọ̀rẹ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kì í ṣe awọ ni mo wá gbà, ohun tó lágbára ni mò ń wá, ó sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Ó wá ní àlọ́ kan péré ni òun ní fún mi, bí mo bá mọ̀ ọ́n kí n mu omi, bí n kò bá mọ̀ ọ́n náà kí n mu omi. “Aṣọ wo ni wọ́n ń wọ̀ fún òkú kó tó kú?” Ẹ̀yin ènìyàn, èmi tí mo wo ẹfọ̀n lójú, n kò lè gbójú sókè wo obìnrin yẹn. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Èmi ni mo wọ awọ òjòlá náà fún Akíngbadé, mo sì tún fi ọwọ́ ra á lára kí ó lè jókòó dáadáa. Mo ń retí kó wé mọ́ mi kó gbé mi mì, mo rò pé ìyẹn náà yóò dára. Ó kàn ń fọ awọ rẹ̀ lọ. Ó ní òun kì í gbé ẹni tó ti gbé ara rẹ̀ mì. Mo mu omi, ẹkún bò mí lójú, mo kọjá.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo wọ agbo àwọn igi kan tí nǹkan bí àpò aláwọ̀ eérú so mọ́ lára gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà mọ sányán, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe inú oko òwú ni wọ́n ti ń ká a. Kòkòrò inú igbó ló ń hun ún láti fi ṣe ilé. Ibẹ̀ ni ilé wọn. Ìyá arúgbó kan tó ń tọ́jú wọn jókòó nínú ahéré, ó ń ran fọ́nrán sányán, àwọn kòkòrò sì ń rìn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Kò bi mí ní àlọ́. Ó gba ọrun lọ́wọ́ mi, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ó ní igi yìí dára, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló fi fọ́nrán sányán kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fà á. Mo fà á, ó nà díẹ̀, mo fi í sílẹ̀, ó padà sí bó ti wà. Mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo tún fà á, ọ̀kan náà ni. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Akíngbadé ti kú, torí ọwọ́ mi mọ̀ pé ohun tí mò ń wá nìyí. Kì í mu omi bí iṣan, kì í sì í tan ni jẹ bí awọ. Mo bi í pé kí ni òun yóò gbà. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo gbé pamọ́ sí abẹ́ ahọ́n ni kí n sọ síta.

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ẹ̀là náà, awọ náà, bí Akíngbadé ṣe dì mọ́ mi. Ó ń ranwú lọ, kò pariwo, kò ṣépè. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni mo fi rìn dé ọ̀dọ̀ òun. Mo ní ọjọ́ márùn-ún. Ó ní, “Láti ilé rẹ sí ilé Olúọdẹ yín ńkọ́?” Mo ní ilé mẹ́wàá ni. Ó ní, “Ọdẹ́yalé, o kò mọ ọ̀nà.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú mi, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọrun yìí gba obìnrin yẹn là, pé lẹ́yìn náà n óò wá àyè sọ ọ́. Ó ní ọrun náà kò ní dá, kí n fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ọrun kò ní ẹnu. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo tò fọ́nrán sányán sí ẹ̀yìn ọrun ní ìbú ìka méjì, mo ń fi oje awọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ní ìpele ìpele, mo ń fi ìyarun yà á kí ó lè lọ geere, mo sì gbé e kọ́ òkè iná rẹ̀ kí ó gbẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin mo fà á títí ọsán fi kan etí mi. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. N kò tí ì gbẹ́ irú ọrun yẹn rí, n kò sì gbẹ́ irú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ọ̀nà bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni mò ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe rí. Mo tún ti ń ro bí ìlú yóò ṣe yìn mí.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni mo wọlé, ó ku ọ̀la kí wọ́n fa ọrun. Mo gba ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró kọjá kí n lè sọ fún un pé kó má bẹ̀rù mọ́. Wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò rẹ̀. Amọ̀ tó pò sílẹ̀ ti gbẹ sínú agbada, ó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àdùkẹ́, ìyàwó ilé kejì, ló wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, kò sì lè wò mí lójú bó ti ń sọ ọ́. Ọjọ́ kẹrin sẹ́yìn ni àwọn ìyálé ilé àti àwọn ọdẹ kan lọ bá Àwẹ̀ró. Wọ́n ní kí ló ń dúró de ìfà ọrun sí, pé ọkọ rẹ̀ ń rìn kiri nínú igbó ní òùngbẹ nítorí agídí rẹ̀, pé bí ó bá jẹ́wọ́, wọ́n lè gbé ẹrù Akíngbadé lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò jẹun láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó bi wọ́n léèrè pé, “Bí mo bá ní mo ṣe é, ṣé ẹ ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ lónìí, kó lè sinmi?” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ó dáa. Mo ṣe é.” Wọ́n fá orí rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì gbé ẹrù ọkọ rẹ̀ lọ sínú igbó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti kúrò nílùú. Ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀nà tó gbà. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọ ọjà.

Mo wá rin ilé mẹ́wàá náà. Mo sáré rìn ín ni. Mo bá Baba Láṣebìkan pẹ̀lú àwọn àgbà ọdẹ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ pé èmi ni mo pa Akíngbadé, mo sọ ti ẹ̀là, mo sọ ti awọ òjòlá. Baba Láṣebìkan gbé mi dìde, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, “Ọdẹ́yalé, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ọ́. Àánú opó ọ̀rẹ́ rẹ ló ń ṣe ọ́ tí o fi fẹ́ gba ẹ̀bi yìí rù. Obìnrin náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣé o mọ̀ ọ́n jù ú lọ ni?” Mo ní kí wọ́n lọ mú ọrun tó dá wá, kí wọ́n ká awọ rẹ̀ kúrò, wọn yóò rí ibi tí ẹ̀là àtijọ́ ti dúdú. Wọ́n ní ó ti bá ẹrù òkú lọ, ọwọ́ alààyè kò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Mo na ọrun tuntun sí wọn, mo ní kí wọ́n fà á, kí wọ́n rí i pé ọrun tí wọ́n bá gbẹ́ dáadáa kì í dá. Baba Láṣebìkan fà á tán lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tẹ̀, ó padà, kò ké. Baba náà fi ọwọ́ pa sányán ẹ̀yìn rẹ̀, ó mi orí. Ó ní, “Ọrun rere ni. Ẹ ò rí i? Obìnrin yẹn kò sí nílùú mọ́, ìyẹn ni kò fi dá.” Gbogbo àgbà ọdẹ sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń lé e bá. Mo ti rí i pé ó máa ń lé e bá lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹnikẹ́ni kì í ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń wá Àwẹ̀ró. Ìlú yín yìí ni ìlú kẹtàlá. Lówùúrọ̀ yìí kí n tó wọ ọ̀dọ̀ yín, mo gba etí odò, mo rí obìnrin kan tó ń pọ amọ̀ ní òun nìkan, gèlè rẹ̀ bo orí dé ìpéǹpéjú. Ẹni tí mo bi léèrè ní kí n má sún mọ́ ọn, pé òkìkí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé, pé òun ló ṣe àgbèrè tí ẹfọ̀n fi pa ọkọ rẹ̀, pé ẹ kì í bá a pọn omi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí ìkòkò. Ìbéèrè kan ló bi mí, ó ní, “O ti mọ̀ kó tó jáde nílé?” Mo ní mo ti mọ̀. Ó yí ìkòkò náà yíká lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i. Ó wá ní òun kò lè bá mi gbé e, àti pé kò sí ohun tí òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi mọ́, kí n lọ sọ ọ́ níbi tí àwọn ènìyàn wà.

Ibi tí àwọn ènìyàn wà nìyí. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, kì í ṣe ọwọ́ yín ló wà. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi kúrò nílùú yín, n óò dìde báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti gbé korobá dání lẹ́yìn yẹn, mo rí i pé odò ni ẹ fẹ́ lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Kò ṣe é.